Ta Ló Ṣòfin Pápá Ìṣeré?

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin tíṣà, àti ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń lọ sí iléèwé. Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jọ̀ọ́, kí olúkúlùkù rántí iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó lọ. Kí ló kọ́kọ́ sọ sí yín lọ́kàn? Mo ti bi ọ̀pọ̀ èèyàn ní ìbéèrè yìí, ó sì ṣọ̀wọ́n kí n rí ẹni tó máa dáhùn pé ìṣirò ni. Eré ni wọ́n máa ń sọ. Wọ́n á ní àwọn máa ń sáré. Wọ́n á ní igi kan wà níbẹ̀. Wọ́n á dárúkọ ọmọ kan tó mọ bọ́ọ̀lù gbá ju gbogbo wọn lọ, wọ́n á sì dárúkọ èyí tó máa ń ṣe ojóro. Èyí tó ń ṣe ojóro yìí, wọn kì í gbàgbé rẹ̀ láéláé.

Ìṣẹ́jú mélòó ni bíréèkì ń gbà nínú odindi ọjọ́ iléèwé? Díẹ̀ ni. Kí ló wá dé tí ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn fi gba gbogbo àyè lọ́kàn wa? Èsì tó wọ́pọ̀ ni pé eré dùn, ìwé ò dùn. Èmi ò rò pé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà, torí ọ̀pọ̀ nínú ohun tí a rántí nípa pápá ìṣeré kò dùn rárá. Ìjà wà níbẹ̀, ẹkún wà níbẹ̀, ọjọ́ tí wọn ò mú wa mọ́ ẹgbẹ́ wà níbẹ̀. Ohun tí mo wá sọ lónìí ni pé àsìkò ìsinmi nìkan ni àwa ọmọdé fi ṣe ìjọba ara wa nínú iléèwé. Nínú kíláàsì, òfin ti wà nílẹ̀ kí á tó dé. Lórí pápá, àwa la ṣe é, àwa la rú u, àwa náà la dájọ́ ẹni tó rú u. Ohun tí èèyàn bá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe kì í tètè kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ díẹ̀ nípa ìrántí, nítorí ó lè tanni jẹ. Àwọn tó ń ṣèwádìí lórí ọpọlọ àti ìrònú ti rí i pé ọ̀pọ̀ àgbàlagbà kì í rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú ìgbà tí wọ́n tó ọmọ ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Nígbà tí a bá fi máa bẹ̀rẹ̀ iléèwé, ìrántí ti ń dúró. Ìdí nìyẹn tí pápá iléèwé fi wà lára ibi àkọ́kọ́ tí a lè rántí dáadáa lẹ́yìn ilé tí wọ́n ti tọ́ wa. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wò ó fínnífínní, ó lè ṣòro fún yín láti fa ọjọ́ kan pàtó yọ. Ohun tó bá ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ máa ń wọnú ara wọn ni, tí ọgọ́rùn-ún ọjọ́ á fi di ọjọ́ kan ṣoṣo. Ẹni tó ní àwọn máa ń sáré lábẹ́ igi kò parọ́, ó kàn jẹ́ pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́ ló ń sọ pọ̀. Àwọn tó yọrí síta láàárín wọn ni ọjọ́ tí nǹkan ò lọ bó ṣe ń lọ: ọjọ́ tí ẹnìkan ṣubú, ọjọ́ tí òjò ká wa mọ́ kíláàsì, ọjọ́ tí ọ̀rẹ́ ẹni dìde lọ bá ẹlòmíràn ṣeré.

Ìtànjẹ kejì ni ti ìwọ̀n. Ẹni tó bá padà sí iléèwé rẹ̀ lẹ́yìn ogún ọdún á ní pápá náà ti kéré. Pápá ò kéré. Ara wa la fi ń wọn ilẹ̀. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú ní láti gbé e lọ́pọ̀ ìgbà kó tó dé ìpẹ̀kun pápá, ojú rẹ̀ sì sún mọ́lẹ̀, gbogbo nǹkan ló ga ju òun lọ. Mo mọ àwọn kan tí wọn ò fẹ́ padà lọ wò ó mọ́ nítorí èyí. Mi ò bá wọn wí.

Ó yá, ọ̀rọ̀ òfin. Jean Piaget, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Switzerland, gbé ìwádìí kan jáde ní ọdún 1932. Ó lọ bá àwọn ọmọkùnrin ní Geneva àti Neuchâtel níbi tí wọ́n ti ń ta òkúta róbótó kéékèèké lu ara wọn lórí ilẹ̀. Kò ṣe bí ọ̀jọ̀gbọ́n sí wọn rárá. Ó ní òun máa ń ta á nígbà tí òun wà ní kékeré ṣùgbọ́n òun ti gbàgbé, kí wọ́n jọ̀ọ́ kọ́ òun. Ó bá wọn ta á, ó sì ń bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń ta á lọ: ta ló ṣe òfin yìí? Ṣé a lè yí i padà? Àwọn tó kéré jù nínú wọn, ọmọ bí ọdún márùn-ún, mẹ́fà, fi dá a lójú pé òfin ò ṣeé yí. Wọ́n ní ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ló ti wá, ọ̀dọ̀ bàbá àwọn, àní ọ̀dọ̀ Ọlọ́run. Ohun tó pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé àwọn tó ka òfin sí mímọ́ tó báyìí kì í tẹ̀ lé e. Olúkúlùkù ń ta tirẹ̀ bó ṣe wù ú, nígbà tí wọ́n bá sì ṣe tán, gbogbo wọn ló borí. Àwọn ọmọ ọdún mọ́kànlá, méjìlá ní tiwọn sọ pé àwọn ọmọ ló ṣe òfin, a sì lè yí i padà bí gbogbo wa bá fẹnu kò sí i. Àwọn yìí gan-an ló ń pa á mọ́.

Mo ti ro èyí títí. Ọmọ tó gbà pé òfin ti òkè wá kò pa á mọ́, èyí tó mọ̀ pé òun àti ẹlẹgbẹ́ òun ni wọ́n jọ ṣe é ló ń pa á mọ́. Ẹ fi wo ìlú àwọn àgbàlagbà. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Báwo wá ni ọmọ ṣe ń ti ibi ti àkọ́kọ́ dé ibi ti ìkejì? Kì í ṣe tíṣà ló ń mú un débẹ̀. Àríyànjiyàn ni. Ẹ rántí bó ṣe máa ń rí. Bọ́ọ̀lù kan ìlà, bọ́ọ̀lù ò kan ìlà. Ẹgbẹ́ kan ní ó wọlé, ẹgbẹ́ kejì ní irọ́ ni. Kò sí rẹfirí. Ariwo sọ, ẹnìkan búra, ẹnìkan pe ẹlẹ́rìí, ẹlẹ́rìí náà sì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ kan náà pẹ̀lú ẹni tó pè é. Síbẹ̀ kò sí ẹni tó lè fi agídí borí títí, torí pé bí ẹgbẹ́ kejì bá bínú lọ, eré tán nìyẹn, olúborí ò sì ní rí ẹni bá ṣeré. Agbára tó wà lórí pápá kò ju èyí lọ: olúkúlùkù lè kúrò níbẹ̀. Ọmọ tó ni bọ́ọ̀lù mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń fi halẹ̀ mọ́ wa pé òun á gbé bọ́ọ̀lù òun. Ṣùgbọ́n òun náà mọ̀ pé bọ́ọ̀lù tí kò sí ẹni tó máa gbá a padà sí òun kò wúlò fún òun. A ó wá ọ̀nà ṣáá ni. Ẹnìkan á ní, "Ẹ jẹ́ ká tún un gbá." Ọmọ ọdún méje lè sọ gbólóhùn yìí láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì, bẹ́ẹ̀ sì ni adájọ́ àgbà lè fi gbogbo ọjọ́ wá irú rẹ̀ tì: ẹ̀rí ò tó, ẹnikẹ́ni ò jẹ̀bi, ẹnikẹ́ni ò jàre, kí ọ̀ràn náà bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Òfin kan tún wà tí mo fẹ́ràn ju gbogbo wọn lọ, èyí tó ń dá eré dúró. Okùn bàtà tú, tàbí èémí fẹ́ tán, ọmọ á ké ọ̀rọ̀ kan, á fi ìka kọ́ra, ẹni tó ń lé e ò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án mọ́. Iona àti Peter Opie, tọkọtaya kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé wọn ṣa eré àti ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ọmọ iléèwé jọ, tọ ọ̀rọ̀ ìdádúró yìí kiri ní àwọn ọdún 1950. Wọ́n rí i pé ó ń yàtọ̀ láti agbègbè sí agbègbè. Níbì kan "barley" ni wọ́n ń ké, níbòmíràn "kings", níbòmíràn "fainites" tàbí "skinch". Ọmọ tó bá ti agbègbè kan kó lọ sí òmíràn gbọ́dọ̀ tètè kọ́ tuntun, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á mú un níbi tó ti ń so bàtà. Kò sí ìwé iléèwé tó kọ́ wọn. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ló kọ́ ọmọ ọdún méje, ọmọ ọdún méje dàgbà, ó kọ́ ẹlòmíràn, gbogbo rẹ̀ sì ń lọ ní etí àwọn àgbàlagbà láìjẹ́ pé wọ́n gbọ́ ọ. Nígbà tó yá, Iona Opie ń lọ sí pápá ìṣeré iléèwé kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti ọdún 1970 títí di 1983, á dúró láàárín àwọn ọmọ, á máa kọ ohun tí wọ́n bá sọ. Mi ò tíì rí ilé aṣòfin tí ẹnikẹ́ni fi irú sùúrù yẹn jókòó tì.

Bí ẹnìkan bá rò pé ọmọ òde òní ni ọgbọ́n yìí, àwòrán kan wà ní Vienna tí Pieter Bruegel yà ní ọdún 1560. Àwọn ọmọ inú rẹ̀ lé ní 200, oríṣi eré tí wọ́n ń ṣe lé ní 80. Wọ́n ń gun ara wọn lẹ́yìn, wọ́n ń yí àgbá róbótó kiri, wọ́n di ẹnìkan lójú pé kó wá mú àwọn. Gbogbo ojúde ìlú ti di tiwọn.

Mo gbọ́dọ̀ mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ ọkùnrin àti obìnrin, torí ẹnìkan á bi mí bí mi ò bá sọ ọ́. Ní ọdún 1976, Janet Lever gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún ní Amẹ́ríkà. Ó rí i pé eré àwọn ọmọkùnrin máa ń pẹ́ ju ti àwọn ọmọbìnrin lọ. Àwọn ọmọkùnrin ń jiyàn lórí òfin ní gbogbo ìgbà, àmọ́ iyàn náà kì í tú eré wọn ká. Ní ti àwọn ọmọbìnrin, bí ìjà bá ti wọ̀ ọ́, eré máa ń parí. Àwọn kan wá fi sọ pé àwọn ọmọbìnrin ò mọ òfin. Carol Gilligan, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, dá wọn lóhùn ní ọdún 1982: àwọn ọmọbìnrin ń fi eré sílẹ̀ kí ọ̀rẹ́ má bàa bàjẹ́, ọgbọ́n mìíràn nìyẹn. Mo wà lẹ́yìn Gilligan, ṣùgbọ́n mo ní tèmi láti fi kún un. Ẹni tó bá ti rí àwọn ọmọbìnrin tó ń fo okùn mọ̀ pé òfin ibẹ̀ le ju ti bọ́ọ̀lù lọ. Ta ló ń ju okùn, ta ló kàn, ẹsẹ̀ ta ló kan okùn, ẹni tó kùnà ṣé yóò bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni àbí láti ibi tó dé? Wọ́n ń ṣe ìdájọ́ gbogbo èyí nínú orin tí wọ́n ń kọ, ẹsẹ̀ wọn ò sì kúrò lókè.

Ìjọba yìí níkà nínú o. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo wá ń yin pápá ìṣeré bí ẹni tó ti gbàgbé ibi tó ti sunkún. Ẹ wo yíyan ẹgbẹ́. Ọ̀gá méjì dúró níwájú, wọ́n ń pe orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn tó ṣẹ́kù ń wolẹ̀. Bí iye wọn ṣe ń dín kù ni ilẹ̀ yẹn ń ṣe pàtàkì sí i lójú wọn. Ẹni tí wọ́n mú gbẹ̀yìn mọ̀, ọ̀gá tí wọ́n fi í tì lọ́wọ́ mọ̀, gbogbo pápá mọ̀. Mo ti bá àwọn tó ti ní ọmọ-ọmọ sọ̀rọ̀ tí wọ́n ṣì lè dárúkọ ẹni tó máa ń mú wọn gbẹ̀yìn, tí wọn ò sì tíì dárí jì í. Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ ni kí wọ́n má mú ọ rárá. "A ti pé." Wọn ò tíì pé, o mọ̀ pé wọn ò tíì pé, kò sì sí ilé ẹjọ́ tí o lè gbé e lọ.

Vivian Paley, tó jẹ́ tíṣà àwọn ọmọ kéékèèké ní Chicago, gbé ọ̀rọ̀ yìí sórí. Ó gbé òfin kan kalẹ̀ nínú kíláàsì rẹ̀: kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ sọ fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé kò lè bá àwọn ṣeré. Ìwé tó kọ lórí rẹ̀ jáde ní ọdún 1992. Kí òfin náà tó fìdí múlẹ̀, ó lọ bá àwọn ọmọ kíláàsì òkè pé kí wọ́n gba òun nímọ̀ràn. Wọ́n gbà pé òfin náà tọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò gbà pé ó lè ṣiṣẹ́, torí wọ́n ti mọ ayé. Ó gbé e kalẹ̀ síbẹ̀síbẹ̀, ó sì ṣiṣẹ́ ju bí wọ́n ṣe rò lọ.

Mo sọ ìtàn yìí torí pé ó ta ko ohun tí mo ti ń sọ látàárọ̀. Àgbàlagbà ló ṣe òfin yẹn. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí bó ṣe ṣe é. Ó bá àwọn ọmọ jíròrò rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ kó tó di òfin, kò sì sọ fún wọn irú eré tí wọ́n máa ṣe tàbí ẹni tó máa jẹ́ ọba nínú rẹ̀. Ìlẹ̀kùn ló ṣí, kò bá wọn wọlé.

Ibi tó le jù nìyẹn fún àwa àgbàlagbà, ibi tó yẹ ká dúró sí. Dan Olweus, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí ní Norway lórí bí àwọn ọmọ ṣe ń fòòró ọmọ tí agbára rẹ̀ kò tó tiwọn, rí i pé iléèwé tí àgbàlagbà bá pọ̀ sí lórí pápá lásìkò ìsinmi ni ìfòòró ti ń dín kù. Ọ̀rọ̀ yẹn kò ṣeé fọwọ́ rọ́ tì. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àmọ́ àgbà tó tún orí ọmọ ṣe lọ́jà kì í gba ọmọ náà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ gbé lọ. Ohun tí mò ń rí ni pé ọ̀pọ̀ wa, bí a bá ti dé orí pápá báyìí, a ti fẹ́ gbà á pọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí n fi eré ìjà ṣe àpẹẹrẹ, torí ibẹ̀ ni àwọn tíṣà ti máa ń fi fèrè sẹ́nu jù. Láti òkèèrè, eré ìjà àti ìjà gidi jọra wọn. Peter Smith nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Anthony Pellegrini ní Amẹ́ríkà jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí wọ́n sì rí rọrùn láti lò. Ẹ wo ojú wọn: nínú eré, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, nínú ìjà gidi, ojú le, eyín há pọ̀. Ẹ wo ẹni tó wà lókè: nínú eré, ẹni tó lágbára jù á mọ̀ọ́mọ̀ ṣubú kí èkejì lè gun òun náà, wọ́n á máa pààrọ̀. Èyí tó dájú jù nínú gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ wo ohun tó tẹ̀ lé e. Bó bá jẹ́ eré ni, wọ́n á jọ dìde, wọ́n á jọ sáré lọ síbòmíràn. Bó bá jẹ́ ìjà ni, ọ̀kan gba ìhín, èkejì gba ọ̀hún. Láàárín àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nǹkan bí ìdá 1 nínú 100 lára eré ìjà ló ń di ìjà gidi, bẹ́ẹ̀ àwọn tíṣà máa ń rò pé ó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ibi tí Pellegrini ti ní kí á lajú sílẹ̀ ni ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ tí ẹgbẹ́ ò gbà mọ́ra, torí láàárín tiwọn ni eré ti máa ń di ìjà. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ ẹni tí wọn ò mú mọ́ ẹgbẹ́ tún padà yọjú.

Ní ti àwọn ohun èlò ìṣeré, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Carl Theodor Sørensen ń ṣètò ọgbà àti pápá ní Denmark. Ó kíyè sí i pé àwọn ọmọ fẹ́ràn ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé àti ibi àwókù ju àwọn pápá rèǹtèrente tí òun ń ṣe fún wọn lọ. Ní ọdún 1943, nígbà tí ọmọ ogun Jámánì ṣì gba ilẹ̀ wọn, wọ́n ṣí pápá kan ní Emdrup ní Copenhagen, tó jẹ́ kìkì pákó, bíríkì àti okùn, pé kí àwọn ọmọ kọ́ ohun tó bá wù wọ́n, kí wọ́n sì wó o bó bá wù wọ́n. Ẹ bi ara yín léèrè igun wo ni ẹ rántí jù nínú iléèwé yín. Ó lè má jẹ́ ibi tí wọ́n ra ohun ìṣeré sí. Ẹ̀yìn kíláàsì ni, abẹ́ àtẹ̀gùn ni, ìdí ògiri kan tí tíṣà kì í dé ni.

Agogo nìkan ni òfin orí pápá tí kì í ṣe tiwa. Àwọn àgbàlagbà ló ni ín, wọ́n sì ti ń fi gé wa kúrú. Lẹ́yìn òfin ẹ̀kọ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní ọdún 2002, tó so iléèwé mọ́ èsì ìdánwò, ọ̀pọ̀ agbègbè níbẹ̀ gé àsìkò ìsinmi kù kí ìṣirò àti ìwé kíkà lè gba àyè sí i. Ìrò wọn ni pé ìṣẹ́jú tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ eré á di ti ìwé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Pellegrini yìí kan náà àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ dán an wò, ìwádìí wọn jáde ní ọdún 1995. Lọ́jọ́ kan wọ́n á jẹ́ kí àwọn ọmọ jáde lásìkò, lọ́jọ́ mìíràn wọ́n á fi ìsinmi falẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe pẹ́ tó kí wọ́n tó jáde ni ọkàn wọn ń kúrò lára iṣẹ́ tó, nígbà tí wọ́n bá sì padà wọlé, ọkàn wọn á tún balẹ̀ sí i. Kódà nígbà tí ìsinmi náà jẹ́ nínú ilé, bákan náà ló rí. Nílẹ̀ Finland, ohun tó wọ́pọ̀ ni kí ìṣẹ́jú 15 ìsinmi tẹ̀ lé ìṣẹ́jú 45 ẹ̀kọ́, kò sì sẹ́ni tó ń pe àwọn ọmọ wọn ní òpè.

Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà gbé ìwé kan jáde ní ọdún 2013, wọ́n ní kò yẹ kí wọ́n gba ìsinmi lọ́wọ́ ọmọ, ì báà ṣe láti fi jẹ ẹ́ níyà, ì báà ṣe torí pé kò tíì parí iṣẹ́ rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tíṣà gbọ́ èyí, ẹ má bínú sí mi. Ta ni à ń gba ìsinmi lọ́wọ́ rẹ̀? Ẹni tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́ ni. Ẹni tó nílò àtisáré jù lọ nínú kíláàsì ni a ní kó jókòó nígbà tí àwọn yòókù ń sáré, ẹnu sì wá ń yà wá pé lọ́sàn-án ó tún ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé, ti ọdún 1989, sọ ọ́ ní abala 31 pé ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi àti eré. Ẹ̀tọ́ ni wọ́n pè é, wọn ò sọ pé ẹ̀bùn ọmọ dáadáa ni.

Lẹ́yìn tí mo sọ̀rọ̀ dé ibí, wọ́n ní kí ẹni tó bá ní ìbéèrè dìde. Bàbá kan fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ kò ti pa gbogbo èyí run. Mo ní kí wọ́n kó o kúrò lọ́wọ́ àwọn ọmọ fún bíréèkì kan ṣoṣo, kí wọ́n sì wo bí òfin ṣe máa tètè hù. Tíṣà obìnrin kan ló béèrè èyí tó wù mí jù. Wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, àwọn ọmọ kíláàsì tèmi kì í ṣeré. Bí wọ́n bá ti jáde, iyàn ni wọ́n ń jà: ta ló kọ́kọ́ dé, ta ló máa wà ní ẹgbẹ́ ta, ibo ni ìlà máa wà. Wọ́n á jà á títí agogo á fi dún, wọn ò ní gbá bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kan. Kí ni kí n ṣe sí i?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Mo bi wọ́n bóyá ẹnikẹ́ni máa ń sunkún nínú iyàn náà, tàbí bóyá ọmọ kan wà tí wọn kì í jẹ́ kó dá sí i. Wọ́n ní rárá, gbogbo wọn ló ń pariwo. Mo bi wọ́n bóyá àwọn ọmọ náà máa ń padà síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ní wọ́n máa ń sáré lọ ni. Mo ní kí wọ́n bá mi bẹ ọ̀gá iléèwé kó fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kún un fún wọn, kí wọ́n lè rí àyè gbá bọ́ọ̀lù náà lẹ́yìn ìpàdé.